Bí Mo Ṣe Fi Mọ́tò Ọkọ Mi Gbé Yèyé Lọ sí Ẹfọ̀n

Lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Adó-Èkìtì títí ewé fi bo gíláàsì iwájú rẹ̀. Adìẹ aládùúgbò wa kan tiẹ̀ yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi pè mí láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn bá mi tà á, nítorí mọ́tò tí kò bá rìn, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òórùn ìpara ọkọ mi ṣì wà lára àga, fìlà rẹ̀ kan sì wà níwájú níbi tó fi í sí. Mo ní kí wọ́n ṣì fún mi láàyè díẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni ọkọ mi ti ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì ń gbé mi bọ̀. Bí kò bá sí nílé, mo máa ń gun ọ̀kadà. Kò sọ fún mi rí pé kí n má kọ́ mọ́tò, èmi náà kò sì béèrè. Ó ń gbé mi, mo ń jókòó, a ń tàkúrọ̀sọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ló wá kí mi nígbà ọlidé gígùn. Opó ni òun náà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wa mọ́tò ara rẹ̀. Ó rìn yí mọ́tò náà ká, ó fi ìka kọ nǹkan sínú eruku ara rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ lo máa wà á ni, àbí adìẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mú mẹkáníìkì wá, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti fẹ́ táyà, a sì ti gbé e dé pápá ilé ẹ̀kọ́ wa níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni àfi ewúrẹ́. Ìjókòó ọkọ mi jìnnà sí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo fà á síwájú, omi bọ́ lójú mi, ọ̀rẹ́ mi sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo tú u sílẹ̀, mọ́tò fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Àwọn ewúrẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá.

"Kò sí ẹni tó ń lé wa," ọ̀rẹ́ mi ní. "Tún un ṣe."

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ fi wọlé padà, mo ti lè wà á débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dá wà á lọ sí Ọjà Ọba. Ọjọ́ yẹn, òógùn bò mí bí ẹni tó gún iyán fún odidi ìlú. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu ló dìde tí wọ́n ń júwe fún mi bí n ṣe máa páàkì, ọ̀kan ń sọ pé kí n yí i sọ́tùn-ún, èkejì ń sọ pé sósì, títí mo fi rí ibì kan tì í bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ra iṣu ju èyí tí mo nílò lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí Ìyìn-Èkìtì ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, láti lọ kí ìyá ọkọ mi. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé, àwọn ayálégbé ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ni ọkọ mi. Nígbà tí a sin ín, Yèyé kò wá, nítorí pé nílẹ̀ wa òbí kì í rí òkú ọmọ. Iyàrá rẹ̀ ló jókòó sí ní Ìyìn nígbà tí àwa wà ní itẹ́ òkú ní Adó. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn. Àwa tí a lọ rí ilẹ̀ tí ó bò ó. Òun kò rí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo bá a ní fàráńdà, ó ń yọ ẹ̀gúsí. Ó wo mọ́tò náà títí.

"Aya mi," ó ní, "ǹjẹ́ mọ́tò yìí lè dé Ẹfọ̀n?"

"Mọ́tò lè dé ibẹ̀, Yèyé. Èmi ni mi ò mọ̀ bóyá mo lè dé ibẹ̀."

Ó gbé ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Àbúrò náà ló gba ọkọ mi sọ́dọ̀ nígbà tó wà ní kékeré, òun ló sì rán an lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, a kò tíì fojú kan ara wa," Yèyé ní. "Orí fóònù la ti ń kí ara wa kú ìrọ́jú. Fóònù kò ṣeé sunkún sí, aya mi. Bí mo bá ń sunkún, yóò ní òun kò gbọ́ ohun tí mo wí. Bí òun náà bá bẹ̀rẹ̀, káàdì yóò tán. Orúnkún mi kò gba ọ̀kadà mọ́, tirẹ̀ kò gba bọ́ọ̀sì."

Mo ní, "A óò lọ, Yèyé." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí àyà mi tó já.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Mo kúrò ní Adó nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń kìlọ̀ pé kéèyàn tètè lọ, kó tètè bọ̀, nítorí àwọn ajínigbé. Mo bá Yèyé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀: iṣu, ẹja gbígbẹ, kẹ́ẹ̀gì epo, àti rósárì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jókòó síwájú, ó jẹ́ kí n so bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó wá ní, "Ó dà bí ọ̀já ìpọnmọ."

Ọ̀nà àtijọ́ ni ọ̀nà yìí. Ó gba Ìgèdè lọ sí Àrámọkọ, ó gba Ìtáwùré kó tó dé Ẹfọ̀n, ó sì kọjá síwájú lọ sí ìhà Iléṣà. Òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló kún ibẹ̀. Bí a bá gòkè tán, ojú wa á rí oko tó tẹ́ lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè àpáta, ebè iṣu lẹ́yìn ebè iṣu, ẹ̀gẹ́, igi tíìkì tó tò bí àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, igbó kòkó á sún mọ́ wa lápá ọ̀tún àti òsì, atẹ́gùn á tutù. Ìlú á tún dé: àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, páànù tó ti pọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì, kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé. Àwọn àgbà tó wà ní fàráńdà ń nawọ́ sí wa, Yèyé sì ń dá gbogbo wọn lóhùn bí ẹni pé ó mọ̀ wọ́n. Mo rò pé ó mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Nígbà tó yá ni mo rí i pé kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

"Baba mi wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí," ó sọ fún mi. "Ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fi là á. Wọ́n á pín in fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ìlú á wá pín in fún àdúgbò. Baba mi ní àpáta kan wà tí kò gbọ́ ti ọkọ́. Wọ́n kó igi jọ, wọ́n dáná sun ún, wọ́n da omi tútù lé e, ó là. Ó máa ń fi àpá iná hàn wá ní apá rẹ̀."

Lẹ́yìn Ìgèdè, ọlọ́pàá dá wa dúró. Mo tẹ bíréèkì, mo gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì, mọ́tò kú láàárín ọ̀nà. Ọlọ́pàá náà tẹ̀ wá síbi wíńdò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ta ló kọ́ yín ní mọ́tò?"

Kí n tó la ẹnu, Yèyé ti dá a lóhùn. "Ikú ọmọ mi ló kọ́ ọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyàwó tìrẹ lọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Àmín, Mà. Ẹ má bínú, Mà." Ó dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá kejì dúró títí mọ́tò fi tún ṣiṣẹ́, tí a fi lọ.

Ní Àrámọkọ, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lásán. Mo bi í pé kí ló dé.

"Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé mi sí lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sílé ọkọ," ó ní. "Àárín àpò kòkó ni mo jókòó sí. Mo sunkún láti Ẹfọ̀n títí dé Ìtáwùré. Àwọn tó ń sìn mí bẹ̀ mí títí, mi ò gbọ́. Nígbà tí a dé ibí yìí, àwọn obìnrin ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ra àkàrà fún mi. Mo dákẹ́."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín Yèyé láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yà dúró kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Lẹ́yìn Ìtáwùré, òkè bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà ń yí, ó ń gòkè, igbó àti àpáta lápá kan, àfonífojì lápá kejì. Mo di sítíárì mú bí ẹni tó di ewúrẹ́ tó fẹ́ já mú. Lójijì ni mo rí èéfín funfun tó ń yọ láti iwájú mọ́tò. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa á. Yèyé ní kí n wá òkúta sábẹ́ táyà, mo wá a. Nígbà tí mo ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, omi ń hó nínú rédíétọ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀.

Tọkọtìyàwó kan ń ti inú oko bọ̀ pẹ̀lú ọ̀kadà wọn. Ìyàwó náà sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo fẹ́ ṣí ìdérí.

"Ẹ má tíì ṣí i, Mà. Ojú yín ló máa fò sí. Ẹ jẹ́ kó tutù."

Ọkọ rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi odò kan tí a kò rí ṣùgbọ́n tí a ń gbọ́. Ìyàwó náà já ewé, ó tẹ́ ẹ fún Yèyé lórí àpáta, ó sì bu iṣu sísun tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀ fún wa. A jókòó, a ń wo àfonífojì. Oòrùn ti ń ràn sórí àwọn òkè tó wà níwájú, kurukuru ń gbéra kúrò lórí wọn díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rù mi ti di omijé.

"Ká ní ó wà láyé ni, Yèyé, èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí wa."

Yèyé jẹ iṣu tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Ká ní ó wà láyé, n kì bá tí fi ìyà kankan jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí láyé, aya mi. Ìwọ lo sì gbé mi dé ibí. Mi ò mọ̀ pé mo tún lè rí òkè yìí mọ́." Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi gbé omi dé.

Rọ́bà kan ló ti là lábẹ́ rédíétọ̀. Ọkùnrin náà gé díẹ̀ lára okùn rọ́bà tó fi ń so ẹrù mọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó wé e mọ́ ibi tó là, ó fà á le, ó sì rọ omi sí i. Ó ní kí n rọra lọ, kí n wá mẹkáníìkì ní Ẹfọ̀n. Mo na owó sí wọn, ìyàwó náà ti ọwọ́ mi padà.

"Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ fọn fèrè níbí. A máa wà nínú kòkó. A óò mọ̀ pé ẹ ti kọjá ní àlàáfíà."

Ilé àbúrò Yèyé wà lẹ́sẹ̀ òkè, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. A ti pè é, ó sì ti jókòó sórí àpótí níta láti òwúrọ̀. Nígbà tó rí Yèyé, ó dìde, ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Yèyé ń lọ bá a, ó ń tiro. Mo fẹ́ dì í mú, ó kọ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé, wọn kò kí ara wọn. Wọ́n kàn di ara wọn mú, orí èkíní lé èjìká èkejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó dà bí orin ìrẹmọlẹ́kún. Wọ́n ń pe orúkọ ọkọ mi, orúkọ kékeré tó ń jẹ́ nílé, tí èmi kò pè é rí. Mo padà sídìí mọ́tò, mo dúró síbẹ̀. Mo gbà pé ẹkún tí wọ́n sun yẹn ni ìsìnkú tí àwọn méjèèjì kò rí lọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, àbúrò náà wá bá mi. Ó fi ọwọ́ pa iwájú mọ́tò náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

"Ìwọ lo wà á dé ibí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ọkọ rẹ ni ì bá wu láti rí i. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀bá títì ló ń gbé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, kó tó yọ ni yóò ti sọ ọkọ̀ ẹni tó jẹ́ fún wa, nípa ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní awakọ̀ ni òun fẹ́ jẹ́. Ẹgba ni mo fi lé e lọ sílé ìwé."

Gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, mi ò gbọ́ èyí rí. Mo ronú kan bó ṣe máa ń yọ gíláàsì wíńdò sílẹ̀ bí a bá ń gun òkè, tí yóò dákẹ́, tí yóò tẹ́tí. Mo ti rò pé atẹ́gùn ló ń gbà.

Wọ́n gún iyán fún wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà, iyán yìí dùn." Àbúrò Yèyé wò mí.

"Ẹ̀yin olùkọ́ lẹ̀ ń pè é ní iyán," ó ní. "Uyán ni orúkọ rẹ̀ nínú odó."

Mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà náà nígbà tí a ń jẹun. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, mo ní kí a máa múra. Àbúrò Yèyé dìde, ó wọ inú ilé lọ. A rò pé ó lọ mú ẹ̀bùn wá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, báàgì ló gbé lọ́wọ́, ó ti wé gèlè, ó sì ti adìẹ kan bọ abẹ́ apá.

"Níbo lò ń lọ?" Yèyé bi í.

"Ìyìn."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Ìyìn?"

"Kí ni mò ń dúró ṣe níbí? Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó. Èmi àti ògiri la jọ ń sọ̀rọ̀. Ìwọ àti ayálégbé lẹ jọ ń gbé nínú ulé ńlá. Ṣé a óò máa pe ara wa lórí fóònù títí a ó fi kú ni?"

Yèyé wò mí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àbúrò náà kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ìbátan wọn kan ní ilé kejì, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, kó má bá òun jiyàn. Yèyé kúrò níwájú, ó lọ jókòó tì í lẹ́yìn. Báyìí ni mo ṣe di awakọ̀ wọn.

Nígbà tí a dé ibi tí mọ́tò ti hó, mo fọn fèrè. Láti inú igbó kòkó lápá ìsàlẹ̀, ohùn obìnrin kan dáhùn, ó fà á gùn. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. A dé Ìyìn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àbúrò Yèyé kò tíì padà títí di òní. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí ẹni tó ń hanrun jù, lórí adìẹ tó ń ya ìgbẹ́ sí fàráńdà. Ṣùgbọ́n Yèyé ti sanra díẹ̀, ó sì ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì òwúrọ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́tò títà mọ́. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́ lówùúrọ̀. Mo ń dúpẹ́ nítorí ọ̀rẹ́ mi tí kò bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, nítorí baba Yèyé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dáná sun àpáta, nítorí tọkọtìyàwó tí mi ò mọ orúkọ wọn. Ọkọ mi ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, fún ohun tó fi sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò láìmọ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé àwọn méjèèjì lọ wo ilé ti Ẹfọ̀n, kí wọ́n lè gbá a, kí wọ́n sì já ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n jiyàn láti Ìtáwùré títí dé Àrámọkọ nípa irú aṣọ tí ìyá wọn wọ̀ níbi ìgbéyàwó Yèyé. Lẹ́yìn Àrámọkọ, mi ò gbọ́ nǹkan mọ́. Mo wo dígí: wọ́n ti sùn, wọ́n forí ti ara wọn, ọsàn kan ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò. Ọ̀nà náà ti bàjẹ́ díẹ̀ nítòsí Ìgèdè. Mo dín eré kù, mo sì ń yà fún kòtò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa jí.